Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Fẹ́nísì, Ìlú Orí Omi

Fẹ́nísì wà ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ítálì, láàárín ọ̀sà kan tí ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ là kúrò lára Òkun Adriatic. Erékùṣù kéékèèké bíi 118 ló para pọ̀ di ìlú náà, afárá tó so wọ́n pọ̀ sì lé ní 400. Mọ́tò kò wọ ìgboro rẹ̀, alùpùpù kò wọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá kò wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo èèyàn ń lò, títí kan panápaná, akólẹ̀, àwọn tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, àti àwọn tó ń gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú ní erékùṣù San Michele. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ ní ìlú àtijọ́ kan ní Ítálì kò lè rí èyí tó dà bí i rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n bá gbà lò ó ṣe pàtàkì. Ẹni tó wọlé láàárọ̀ tó sì jáde nírọ̀lẹ́, èrò ló rí. Ẹni tó sùn síbẹ̀ ló rí ìlú.

Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ kò wá gbafẹ́. Ogun ló lé wọn débẹ̀. Ní ọ̀rúndún karùn-ún àti ìkẹfà, àwọn Hun, lẹ́yìn náà àwọn Lombard, ń jó ìlú àwọn ará òkè-ilẹ̀, àwọn tó ríbi sá sì kó sínú ọ̀sà. Ẹlẹ́ṣin kò lè lépa ẹni nínú ẹrẹ̀, atukọ̀ àjèjì kò sì mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí ọkọ̀ á ti fẹnu gúnlẹ̀. Ọ̀sà ni odi ìlú wọn, wọn kò sì mọ òmíràn.

Bí wọ́n ṣe rí ààfin olókúta kọ́ sórí ẹrẹ̀ ni ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ kó tó gbójú sókè wo ohunkóhun. Igi ni wọ́n gé ní igbó orí òkè, tí wọ́n sì mú gba ojú odò wá. Wọ́n gbá a wọlẹ̀ bí èèkàn, ọ̀kan ń fara kan èkejì, títí ó fi dé ibi tí amọ̀ ti le. Wọ́n wá tẹ́ pátákó lé èèkàn lórí, wọ́n sì to òkúta funfun tó ti ilẹ̀ Istria wá lé pátákó, nítorí òkúta yìí kì í tètè jẹ́ kí omi iyọ̀ gun ògiri. Igi náà kò tètè jẹrà, torí pé atẹ́gùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ohun tó ń jẹ igi kò sì lè yè níbi tí kò ti sí atẹ́gùn. Afárá Rialto, tí Antonio da Ponte kọ́ láàárín ọdún 1588 sí 1591, dúró lórí èèkàn tó tó 12,000. Títí di òní olónìí ni àwọn èèkàn náà ń gbé e, pẹ̀lú ìṣọ̀ tó wà lórí rẹ̀ àti èrò tó ń gba ibẹ̀ kọjá.

Wọn kò sì fi ọ̀sà náà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Odò Brenta, Piave àti Sile ń ru iyanrìn wá sínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀sà á di ilẹ̀ gbígbẹ, odi ìlú á sì parẹ́. Láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún, ìjọba Fẹ́nísì gbẹ́ ojú ọ̀nà tuntun fún àwọn odò wọ̀nyí, ó sì darí wọn gba ẹ̀gbẹ́ sínú òkun. Omi mímu ńkọ́? Omi yí wọn ká, kò sì ṣe é mu. Wọ́n gbẹ́ kòtò sábẹ́ gbàgede, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, wọ́n da iyanrìn kún un, omi òjò á wá sẹ́ gba inú iyanrìn lọ sí kànga àárín. Ẹnu kànga olókúta wọ̀nyẹn ṣì wà ní ọ̀pọ̀ gbàgede, wọ́n ti dé wọn pa, nítorí ọdún 1884 ni omi ẹ̀rọ ti dé.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n gbé orílẹ̀-èdè olómìnira kan kà tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Dóójì ni wọ́n ń pe olórí rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ọdún 697 ni àkọ́kọ́ jẹ, ìkẹyìn, Ludovico Manin, sì gbé adé sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1797 nígbà tí Napoleon dé. Oyè náà kì í ṣe ti ìdílé kan. Láti ọdún 1268, ìbò àti gègé ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra láti yan Dóójì, ìpele kan tẹ̀ lé òmíràn, kí agbo ilé kan má bàa gba ìlú mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Òwò ni wọ́n fi là: ata, aṣọ ṣẹ́dà, iyọ̀, èèyàn tí wọ́n mú lẹ́rú. Kò yẹ kí àlejò gbójú fo ìyẹn nígbà tó bá ń yin wúrà ara ògiri wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló dára jù láti wọlé. Ọkọ̀ ojú irin láti Róòmù máa ń lò tó wákàtí mẹ́rin, èyí tó bá ti Milan tàbí Florence wá kì í tó mẹ́ta. Ó máa ń gba orí afárá gígùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1846 kọjá, omi á wà lọ́tùn-ún àti lósì, títí yóò fi dúró ní ibùdókọ̀ Santa Lucia. Ẹni tó bá gba ọ̀nà mọ́tò wá, Piazzale Roma ni ó ti máa bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò parí sí. Bí àlejò bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà Santa Lucia, àtẹ̀gùn díẹ̀ péré ló wà láàárín òun àti Odò Ńlá, èyí tó gba àárín ìlú lọ́nà wíwọ́ fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ọkọ̀ èrò orí omi tí wọ́n ń pè ní vaporetto wà níbẹ̀. Nọ́ḿbà 1 máa ń dúró ní èbúté gbogbo lójú Odò Ńlá, kì í sì í sáré, èyí ló fi dára fún ẹni tó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan ti wọ́n fún àlejò. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó bá máa wọkọ̀ léraléra, tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí 48 ló máa dín owó kù fún wọn.

Ẹrù kékeré ni kí kálukú gbé. Gbogbo afárá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àtẹ̀gùn, kò sì sí ẹni tó máa bá àlejò ti àpótí ńlá lórí òkúta láìgba owó. Àdírẹ́sì náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìlú pín sí àdúgbò mẹ́fà, Cannaregio, Castello, San Marco, San Polo, Santa Croce àti Dorsoduro, nọ́ḿbà ilé sì ń lọ káàkiri àdúgbò látòkèdélẹ̀, kì í tẹ̀ lé òpópónà. Nọ́ḿbà 2,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun ìyanu lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé kékeré kan. Nítorí náà, kí àwọn ọ̀rẹ́ béèrè orúkọ àdúgbò, orúkọ òpópónà àti orúkọ èbúté tó súnmọ́ jù lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó gbéra.

Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò ojúmọ́, Yúrò márùn-ún, ní àwọn ọjọ́ kan tí èrò máa ń pọ̀ jù láàárín oṣù kẹrin sí ìkeje, pàápàá òpin ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ di Yúrò mẹ́wàá fún ẹni tí kò bá tètè san án ṣáájú. Ẹni tó bá sùn sínú ìlú kì í san án, torí ó ń san owó orí àlejò níbi tó sùn sí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba ìwé ìdásílẹ̀. Àwọn kan bínú sí òfin yìí, wọ́n ní kò sí ìlú tí wọ́n ń ja tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọ̀. Síbẹ̀, ìlú tó jẹ́ òkúta àti ẹrẹ̀, tí àlejò rẹ̀ lóòjọ́ fi púpọ̀ ju onílé lọ, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjà ẹja Rialto ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kó tó di pé èrò ọkọ̀ ojú irin dé. Ọjà kì í ná lọ́jọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé. Lábẹ́ òrùlé rẹ̀ tó dúró lórí òpó òkúta, wọ́n ń pàtẹ akàn, edé, ẹja odò àti ti òkun lórí yìnyín, àwọn tó ń tà á sì ń fi èdè àdúgbò pariwo ọjà. Pátákó òkúta funfun kan wà lára ògiri nítòsí, wọ́n kọ orúkọ ẹja sí i pẹ̀lú bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kí wọ́n tó lè tà á. Sádìnì kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà méje. Òfin náà rọrùn: ẹni tó bá kó ọmọ ẹja tán lónìí kò ní rí ẹja tà lọ́la. Ọ̀sà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjà, ó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí àwọn ilé ọtí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bàcaro. Oúnjẹ kékeré kékeré ni wọ́n ń tà níbẹ̀, cicchetti, lórí ìdúró, pẹ̀lú ife wáìnì kékeré. Èyí ló bá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mu jù: kálukú á mú méjì, wọ́n á fi han ara wọn, wọ́n á sún sí ilé kejì. Sádìnì díndín wà níbẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú àlùbọ́sà àti ọtí kíkan pẹ̀lú èso àjàrà gbígbẹ, oúnjẹ àwọn atukọ̀ ìgbàanì tí kì í tètè bàjẹ́ lójú omi. Èyí tó máa ya ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu ni baccalà mantecato. Ẹja òkóporóòkò gan-an ni, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n sì ń po pẹ̀lú òróró títí ó fi funfun tó sì kúnná, kí wọ́n tó fi lé búrẹ́dì tàbí òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo lórí. Ọdún 1432 ni Pietro Querini, ọ̀gá ọkọ̀ tí ìjì gbé sọnù dé erékùṣù Røst ní Nọ́wè, padà wálé pẹ̀lú ìròyìn ẹja tí atẹ́gùn òtútù ń mú gbẹ láìsí iyọ̀. Ẹ̀bá òkun Nọ́wè kan náà yìí ni òkóporóòkò ti ń wá sí ọjà Nàìjíríà.

Gbàgede San Marco wà ní apá gúúsù. Wọ́n gbé òkú Máàkù Mímọ́, tí gbàgede náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wá láti Alẹkisáńdíríà ní ọdún 828, àwọn oníṣòwò Fẹ́nísì ló jí i gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1063 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wúrà ló bo òrùlé rẹ̀ nínú, ẹ̀là dígí kéékèèké tí wọ́n fi wúrà sí láàárín, tí wọ́n sì to di àwòrán. Ẹṣin idẹ mẹ́rin tó wà lókè ilẹ̀kùn jẹ́ àwòṣe. Àwọn ojúlówó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ìkógun ni wọ́n. Àwọn ológun Fẹ́nísì kó wọn ní Constantinople ní ọdún 1204, Napoleon kó wọn lọ sí Paris ní 1797, wọ́n sì dá wọn padà ní 1815. Fẹ́nísì nìkan ni wọ́n dá wọn padà fún. Constantinople tó ni wọ́n kò rí wọn gbà.

Ilé gogoro agogo tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà ga tó mítà 98 àti díẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1902, ó wó lulẹ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò kú, nítorí wọ́n ti rí i tí ògiri rẹ̀ ń sán, wọ́n sì ti lé èèyàn kúrò. Wọ́n kọ́ ọ padà sójú ibẹ̀ ní àwòrán kan náà, ó parí ní 1912. Ààfin Dóójì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n fún un ní wákàtí méjì ó kéré tán: yàrá ìgbìmọ̀ ńlá níbi tí àwòrán Párádísè tí Tintoretto kùn ti bo odindi ògiri kan, àti ọ̀nà tóóró tó gba Afárá Ìmí Ẹ̀dùn lọ sí túbú. Kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí wọ́n sì yan wákàtí àkọ́kọ́ tàbí ìkẹyìn. Jíjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹun ní gbàgede yìí, fífún ẹyẹlé lóúnjẹ àti wíwẹ̀ nínú odò ní ìtanràn.

Gọ́ńdólà kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ó gùn tó mítà mọ́kànlá, àjẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tù ú, apá ọ̀tún sì ni àjẹ̀ náà máa ń wà. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kàn án kí ẹ̀gbẹ́ òsì fẹ̀ ju ọ̀tún lọ, kó má bàa máa yí po. Ìjọba ìlú ló ń dá iye owó rẹ̀: láti ìparí ọdún 2023, Yúrò 90 ni fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọmọ, fún ọkọ̀, kì í ṣe fún orí kọ̀ọ̀kan, èèyàn márùn-ún ló sì lè gbà. Ọ̀rẹ́ márùn-ún á san Yúrò 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lágbára ìyẹn, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní traghetto ń gbé èèyàn ré Odò Ńlá kọjá ní Yúrò díẹ̀, gọ́ńdólà ni òun náà.

Ní ilé àwòrán Accademia, iṣẹ́ kan wà tí Vittore Carpaccio kùn ní nǹkan bí ọdún 1496, nípa iṣẹ́ ìyanu kan ní Rialto. Igi ni afárá náà ṣì jẹ́ nígbà yẹn, èrò kún etí omi, gọ́ńdólà sì kún odò. Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ tó wà níwájú jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ó wọ aṣọ oge, ó di àjẹ̀ mú. Kì í ṣe àlá ayàwòrán. Wọ́n kó ọmọ Áfíríkà wá sí Fẹ́nísì lẹ́rú ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn mìíràn nínú wọn sì di atukọ̀ gọ́ńdólà. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, àwọn kan fi iṣẹ́ náà jẹun. Èèyàn máa ń kọjá níwájú àwòrán yìí láìdúró. Ó yẹ kí wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan náà lè gba Cannaregio. Níbẹ̀ ni ìjọba Fẹ́nísì ti kó àwọn Júù sí erékùṣù kan ṣoṣo ní ọdún 1516, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lóru, tí wọ́n sì ń gba owó olùṣọ́ lọ́wọ́ wọn. Géttò ni orúkọ ibẹ̀, láti ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti gbọ́ ọ. Ààyè kéré, nítorí náà ilé wọn ga ju ti ìyókù ìlú lọ, àjà wọn sì kúrú. Sínágọ́gù márùn-ún ṣì wà lókè àwọn ilé náà.

Ọjọ́ Àìkú ni ti àwọn erékùṣù. Ní 1291 ni ìjọba ní kí gbogbo àwọn onígíláàsì kó iná ìléru wọn lọ sí Murano, kí ìgboro má bàa jó. Títí di òní ni wọ́n ń yọ́ iyanrìn níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ Fẹ́nísì, pàápàá èyí tó ní ilà pupa, funfun àti búlúù bí ìràwọ̀, di owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù tó ń ná ọjà etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òwò ẹrú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ Yorùbá. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí i ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ń yọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ṣáájú kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó fojú kan etíkun wa. Ẹni tó bá ń ra nǹkan ní Murano, kí ó wá àmì tó fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ gíláàsì pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní San Marco, ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá.

Bó bá jẹ́ ọdún Biennale, ìfihàn iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895, kí wọ́n fi ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ fún un. Okwui Enwezor, ọmọ Nàìjíríà, ló darí ti 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wà nípò yẹn. Ní 2017, Nàìjíríà ní àyè tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Peju Alatise sì gbé àwọn ọmọbìnrin oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, iṣẹ́ lórí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fojú inú wo òmìnira.

Omi tó dáàbò bo Fẹ́nísì ti ń dún mọ̀huru mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, òkun kún tó sẹ̀ǹtímítà 194. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó kún tó 187, ó sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì Máàkù Mímọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ilẹ̀kùn irin 78 tí wọ́n ń pè ní MOSE ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹnu mẹ́ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà. Wọ́n ń sùn sísàlẹ̀ omi. Bí ìkún bá ń bọ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á sì ti òkun mọ́ ìta.

Kò sí ilẹ̀kùn tó lè ti èyí tó kù mọ́ ìta. Ní 1951, nǹkan bíi 175,000 èèyàn ló ń gbé ìgboro Fẹ́nísì. Wọn kò tó 50,000 mọ́. Lójú fèrèsé ilé olóògùn kan ní Campo San Bartolomeo, lẹ́bàá Rialto, ẹ̀rọ kan ń kọ iye tó ṣẹ́ kù, nọ́ḿbà náà sì ń lọ sílẹ̀. Ilé tí onílé ti jáde di yàrá àlejò, búrẹ́dì di ohun tí èèyàn ń rìn jìnnà kó tó rí rà, ilé ẹ̀kọ́ ń pàdánù ọmọ.

Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Ẹ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó súnmọ́ ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn ará ìlú máa ń gba orí afárá ìgbà díẹ̀ ré Odò Ńlá kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Salute, láti tan àbẹ́là ọpẹ́ fún òpin àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1630 sí 1631 tó pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kó tó lọ. Ẹ mú bàtà tí omi kò lè wọ̀, ẹ sùn síbẹ̀ ní òru méjì, ẹ jẹun níbi tí àwọn onílé ti ń jẹun, ẹ sì ra ohun tí ẹ bá máa rà lọ́wọ́ wọn.